Ọyún Kì Í Ṣe Oyún

Káfíńtà kan wọ yàrá dókítà, ó ń rìn bí ẹni tó há ẹyin sáàárín itan. Ó rò pé ọkùnrin bíi tirẹ̀ lòun máa bá níbẹ̀. Obìnrin tó tó bí i lọ́mọ ló jókòó sídìí tábìlì.

"Jókòó, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ n dúró, Mà. Ìjókòó gan-an lẹjọ́ tí mo gbé wá."

"Ibo ló ń dùn ọ́?"

"Ìsàlẹ̀, Mà."

"Ẹsẹ̀?"

"Ẹ gòkè díẹ̀."

"Orúnkún?"

"Ẹ tún gòkè."

"Ikùn?"

"Háà, ẹ ti kọjá ilé náà, Mà! Ẹ ṣẹ́rí padà."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹpọ̀n ni?"

Káfíńtà yíjú wo ilẹ̀kùn. "Ẹ rọra, Mà, èèyàn wà níta!"

"Àwọn ọkùnrin tó wà níta náà ní in. Méjèèjì ló ń dùn ọ́ ni?"

"Tòsì ni. Kọ́bọ́ọ̀dù ràgàjì kan ni mo gbé, Mà. Òun ló fà á."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ẹrù wúwo máa ń mú ìpá yọ. Àbí nǹkan gbá ọ níbẹ̀? Àbí òjijì ló bẹ̀rẹ̀, tó o fi ń bì? Okùn tó gbé ẹpọ̀n dúró lè lọ́ pọ̀, ìyẹn ò sì gba àwàdà. Wàrà-wàrà ni wọ́n ń gbé ẹni tó bá ṣe lọ fún iṣẹ́ abẹ."

"Rárá, Mà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wú. Tí mo bá ń tọ̀, á máa ta mí bí ata."

"Ṣé nǹkan ń jáde níbi tó o fi ń tọ̀?"

Káfíńtà gbójú sókè, ó ń wo àjà. "Ó... ó ń sunkún díẹ̀, Mà."

"Irú omijé wo?"

"Bíi gọ́ọ̀mù tá a fi ń lẹ pákó."

"Ọyún nìyẹn."

Káfíńtà di ògiri mú. "Oyún kẹ̀? Mà, ọkùnrin ni mí!"

"Ọyún ni mo wí! Irú èyí tó ń jáde lójú egbò. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ atọ́sí."

"A tọ̀ sí i? Ta ló tọ̀ sí i? Èmi nìkan ni mò ń lò ó!"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. "Ṣé ìwọ nìkan lóòótọ́?"

Káfíńtà ń fi èékánná ha ògiri. Ó ní: "Mo rìnrìn-àjò iṣẹ́ kan lóṣù tó kọjá, Mà."

"Kọ́bọ́ọ̀dù náà lo lọ gbé níbẹ̀?"

"Rárá, Mà."

"O ṣeun tó o wá. A máa yẹ ìtọ̀ rẹ wò ká tó mọ ohun tó jẹ́, torí kòkòrò mìíràn wà tó ń gba ojú ìtọ̀ wọlé. Oògùn á wò ó. Àmọ́ tó o bá fi í pa mọ́, ó lè dínà ọmọ bíbí."

"Ẹ kó oògùn wá, Mà. Mo máa lò ó tán pátápátá."

"Tó o bá níyàwó, òun náà gbọ́dọ̀ wá ṣàyẹ̀wò. Má sì sún mọ́ ọn títí ara ẹ̀yin méjèèjì á fi dá. Lọ sọ òótọ́ fún un."

"Ìyàwó mi? Òótọ́?" Òógùn bo káfíńtà lójú. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀dì kan ṣófo níbí?"

"Tìẹ ò gba kéèyàn sùn síbí. Àìsàn wo lo fẹ́ fi gba bẹ́ẹ̀dì?"

"Èyí tó ń bọ̀ tí mo bá délé, Mà."