Bí Fọlọ́runṣọ́ Àdìgún Ṣe Yan Ẹ̀rọ Téèpù fún Ilé Rédíò Arómisà

Ẹ yà lọ́nà, ẹ jẹ́ kí akọni kọjá! Àdìgún ọmọ Olóyèdé, ọmọ Oníàká tí iṣu rẹ̀ kì í jẹrà, ọmọ a-tọ́jú-má-gbàgbé, ọmọ a-ti-ilẹ̀kùn-fi-kọ́kọ́rọ́-han-ìyàwó, ọmọ ọkùnrin tí òjò ọdún mẹ́ta rọ̀ lé àká rẹ̀ lórí tí èso inú rẹ̀ kò sì gbọ́ pé òjò rọ̀ rí. Ẹ má wo gíga rẹ̀, nítorí kò ga. Ẹ má wo èjìká rẹ̀, nítorí báàgì tó ń gbé kọ́ láti ọdún gbọọrọ wá ti fa ọ̀kan wálẹ̀ ju èkejì lọ. Awò ojú rẹ̀ nípọn débi pé bí ó bá ń wò yín, ẹ ó rò pé ẹja inú ìgò ni. Ṣùgbọ́n ojú ẹja yẹn náà ló rí ohun tí gbogbo ọ̀gá ilé rédíò Arómisà kò rí, ẹni tó bá sì fojú di í, ojú ni yóò ti olúwarẹ̀.

Fọlọ́runṣọ́ ni wọ́n sọ ọ́, àmọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti ń tọ́jú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nílé rédíò náà, kò fi ohun kan ṣoṣo sílẹ̀ fún Ọlọ́run nìkan ṣọ́. Á ti ilẹ̀kùn, á fà á wò. Á dé ẹnu géètì, á tún padà wá fà á wò. Ohun kan péré ló lè mú un gbàgbé ilẹ̀kùn, ẹran ni. Nínú yàrá rẹ̀ ni ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ohùn wà: àlọ́, rárà, ẹkún ìyàwó, ìwúyè ọba mẹ́ta, àti ìjà ọdẹ méjì tí wọ́n ń jiyàn lórí ajá tí kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń jà lé. Láàárín gbogbo ìyẹn ni Wúràọlá Àṣàkẹ́ wà, olórin rárà tí àwọn òṣìṣẹ́ rédíò lọ bá lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní ọdún tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo pé márùn-ún. Kò pé ọdún méjì sí i tó fi kú. Kò ya fọ́tò rí. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ohùn nìkan ló fi sílẹ̀, Fọlọ́runṣọ́ sì ni ọmọ náà.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, tí ẹ ń wo ìpè rẹ̀ lórí fóònù tí ẹ ń ṣe bí ẹni tí kò rí i, ẹ kò lè mọ ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá jẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, téèpù àtijọ́ tí ohùn náà wà bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí awọ àlùbọ́sà. Wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ìkẹyìn, wọ́n kó ohùn rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo yòókù sínú dísìkì kan tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, téèpù àwọn yòókù ṣì wà lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ìyẹfun pupa rẹ́súrẹ́sú ni tirẹ̀ dà nílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ inú ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ó parí. Kò parí o. Ọdún kò yí po tí dísìkì náà fi ń ké kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́ bí adìẹ tó fẹ́ yé. Á ṣí lónìí, á kọ̀ lọ́la. Nígbà náà ni wọ́n gbà fún Fọlọ́runṣọ́ pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń kọ nǹkan sínú téèpù ayé òde òní, irú èyí tó lè pa nǹkan mọ́ fún ọgbọ̀n ọdún bí kò bá ti rí ọ̀rinrin. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé téèpù kò ti kú ni. Akọni wo dísìkì wọn, ó ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ọjọ́ Ajé ni ẹ̀rọ méjì wọ ìlú. Ẹnjiníà Adérọ̀mọ́kùn, ọlọ́rọ̀ bí oyin, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà ṣóńṣó, ló gbé àkọ́kọ́ dé. Ẹ̀rọ náà ga, iná aláwọ̀ búlúù àti ti ewé ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, sọ́fúwíà rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń to nǹkan sínú téèpù, sì ń kí ènìyàn káàárọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Díkónẹ́ẹ̀sì Mọ́rẹnikẹ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà, obìnrin rere, àmọ́ tí ohun dídán tètè máa ń wọ̀ lójú, ní inú òun ti gbà á. Kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti yọ òróró jáde níbi àdúrà òwúrọ̀, ó ti fi sàmì sí ẹ̀rọ náà níwájú orí. Ọ̀rọ̀ wá di ọ̀rọ̀! Ẹ̀rọ tí a ti ta òróró sí lórí, ta ni yóò ní kó máa lọ sílé?

Ìyáàfin Ọ̀ṣúndáre ló gbé èkejì wá. Ẹ̀rọ náà rí bí eérú, iná kan ṣoṣo ló ní, sọ́fúwíà rẹ̀ kò sì kí ẹnikẹ́ni. Ohun tí obìnrin náà sọ kò ju pé ẹ̀rọ téèpù yòówù tó bá jẹ́ irú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ yòówù tó bá ṣe é, yóò lè ka ohun tí èyí bá kọ, láìsí kọ́kọ́rọ́ kankan. Ó mu omi, ó jókòó. Ẹnì kankan kò gbàdúrà fún ẹ̀rọ tirẹ̀.

Níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ Oníàká ti hó lára akọni. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Baba-ńlá rẹ̀ kan, tó gbọ́n ju gbogbo ayé lọ lójú ara rẹ̀, kó iyùn ìdílé pamọ́ síbi tí òun nìkan mọ̀, ó sì gbé ọgbọ́n náà lọ sọ́run. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi gbẹ́ agbo ilé kiri, ìkòkò ẹ̀wà tó ti kún fún kòkòrò ni wọ́n rí. Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin nílé wọn: bí a bá tọ́jú nǹkan, ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń tọ́jú rẹ̀ ni yóò wá mú un jáde. Bí kò bá rí i mú jáde, a kò tọ́jú rẹ̀, a sin ín ni. Fọlọ́runṣọ́ dìde, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó ní kí ẹ̀rọ méjèèjì kọ ohùn kan náà sínú téèpù tiwọn, kí àwọn tó ń tà wọ́n máa lọ, kí Ọlátóún tó ń tọ́jú ìwé nílé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú kejì wá lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀, kó wá mú un jáde. Ohùn tó sì mú fún ìdánwò ni ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ti Wúràọlá Àṣàkẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ méjèèjì ti kọ ohùn náà tán, dísìkì náà kú fin-ín. Fọlọ́runṣọ́ gbé etí lé e, kò gbọ́ kẹ̀ẹ́ kan. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe rí lọ́jọ́ náà, kò sí ibì kankan láyé tí ohùn ìyá rẹ̀ kù sí mọ́ bí kò ṣe inú téèpù méjì tí kò ì tíì sí ẹni tó ṣí i wò. Ẹran ìgalà ni wọ́n fi se ọbẹ̀ ọ̀sán ní ilé-oúnjẹ wọn, kò sì fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ọlátóún dé, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí itan látinú ọkọ̀ èrò wá, ó fi àdìrẹ wé e bí ọmọ tuntun. Gbogbo ọ̀gá jókòó yí tábìlì po, àwo míìtì páì wà láàárín. Ó ti téèpù Adérọ̀mọ́kùn bọ ẹ̀rọ lẹ́nu. Ẹ̀rọ yí i, ó kùn, ó ní òun rí nǹkan kan níbẹ̀, àmọ́ òun kò mọ ohun tó jẹ́. Kí wọ́n lọ mú sọ́fúwíà tó kọ ọ́ wá, àti nọ́ḿbà ìṣílẹ̀kùn ti ọdún yìí. Wọ́n pe Ẹnjiníà lórí fóònù. Ó ní kò sí wàhálà rárá, nọ́ḿbà náà wà lọ́wọ́ ọ̀gá òun, ọ̀gá òun sì wà ní Jerúsálẹ́mù títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Fọlọ́runṣọ́ bi wọ́n wọ́ọ́rọ́wọ́ pé ní ọgbọ̀n ọdún sí i, Jerúsálẹ́mù wo ni wọn yóò pè.

Díkónẹ́ẹ̀sì wo ẹ̀rọ gíga náà lórí ìdúró. Òróró ọjọ́ Ajé ṣì ń dán níwájú orí rẹ̀.

“Bàbá Olóyèdé,” ó ní, “a mà ti ta òróró sí i lórí.”

Fọlọ́runṣọ́ tẹríba. “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Wọ́n ta á sí Sọ́ọ̀lù náà lórí.”

Akọ̀wé owó fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Díkónẹ́ẹ̀sì wò ó títí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ akọni, kí obìnrin náà tó mí kanlẹ̀.

“Ó dáa. Ẹ gbé Dáfídì wá.”

Ọlátóún ti téèpù kejì bọ̀ ọ́. Téèpù kì í yára, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ń yí, ó ń wá ibi tí nǹkan wà, ó ń yí. Ọkùnrin tí kò bẹ̀rù ọ̀gá, tí kò bẹ̀rù Ẹnjiníà, ẹ̀rù wá bà á gidi. Ó wá nǹkan dì mú, ó mú míìtì páì kan láìmọ̀. Bí èyí náà bá kọ̀, ìyá rẹ̀ tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, lójú rẹ̀, níwájú akọ̀wé owó.

Adìẹ ló kọ́kọ́ ké. A gbọ́ odó. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan là jáde, ó mọ́ gaara: Àdìgún ọmọ Olóyèdé, ọmọ Oníàká tí iṣu rẹ̀ kì í jẹrà, ọmọ a-tọ́jú-má-gbàgbé, ọmọ a-ti-ilẹ̀kùn-fi-kọ́kọ́rọ́-han-ìyàwó. Ó ń ròkè lọ, ó ń dùn lọ, àfi bó ṣe já orin lójijì.

“Àdìgún! Mo ní kí o yọ ọwọ́ ẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀ yẹn!”

Àdìgún, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, bàbá ọmọ mẹ́rin, bàbá àgbà ọmọ méjì, dá míìtì páì padà sínú àwo, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ti gbọ́ ìbáwí yẹn nígbà àìmọye, òun nìkan, lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì. Síbẹ̀ ọwọ́ gbọ́ràn kí orí tó rántí. Omijé bọ́ lábẹ́ awò ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì ń mú un. Díkónẹ́ẹ̀sì náà nu ojú, ó wá òróró rẹ̀ nínú báàgì, ó dojú kọ ẹ̀rọ eléérú. Kíá ni akọni fi áńkáṣífì bo ẹnu ibi tí téèpù ń gbà wọlé, ó bẹ̀ ẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ni kó ta á sí.

Nítorí náà, kí Òkè gbọ́, kí Odò gbọ́, kí gbogbo ẹni tó ń kó ẹrù sí ibi tí òun nìkan mọ̀ gbọ́: ẹ̀rọ eléérú ló wọlé ní Arómisà, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ohùn ń ti orí téèpù àtijọ́ wọ inú rẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, Àdìgún sì ni jagunjagun tó ṣẹ́gun láìyọ idà. Oríkì tí mo fi la ẹnu sí ìtàn yìí, inú téèpù yẹn ni mo ti gbọ́ ọ. Ká ní ẹ̀rọ aláràǹbarà yẹn nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́ ni, mi ò bá má mọ ọmọ ẹni tí ǹ bá pè é.

Míìtì páì yẹn ńkọ́? Nígbà tó padà wá fa ilẹ̀kùn wò ní ìrọ̀lẹ́, ó bá a nínú àwo. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ náà dáadáa bóyá iná rẹ̀ ti kú, kó tó jẹ ẹ́.