Orúkọ Lára Míkísà

Bí ẹ bá dé Ṣàpọ́n tí ẹ ò gbọ́ orúkọ Ẹnjiníà Jedidiah Túbọ̀sún, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Òun ló ń pè é. Kò sí ẹlòmíràn tí ó ń bá a ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹnjiníà Jedidiah, Arínú-wáyà, Abẹnugan láàárín Irin, Ọ̀gá Pátápátá fún Gbogbo Ohun Tí Ó Ní Súìṣì! Ẹ má bèèrè ibi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ọ́fíìsì adójútòfò kan ní Èkó ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ń jí lọ, tó ń sáré bọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, ó pààrọ̀ gílóòbù yàrá àlùfáà, gílóòbù náà sì tàn. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá pè é ní "Ọ̀gbẹ́ni", etí rẹ̀ á di.

Nígbà tí míkísà tí Ẹgbẹ́ Ìyá fi ń po kéèkì dákẹ́, tí Ìkórè sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, inú gbogbo àwọn ìyá ìjọ bàjẹ́. Ti Ẹnjiníà nìkan ló dùn. Ẹgbẹ́ Ìyá ń wá Bàbá Ẹgbẹ́ tuntun, àwọn ìyá ni yóò sì fẹnu kò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ bàsá Ìkórè. Ẹni tí ó bá jẹ oyè náà, àga onítìmùtìmù iwájú ni tirẹ̀. Ó sì ti pẹ́ tí ìdí Ẹnjiníà ti ń lá àlá àga yẹn.

"Ẹ gbé míkísà fún mi," ló wí fún Màmá Christianah, Ìyá Ẹgbẹ́. "Nílé mi ni n ó ti tún un ṣe. Ọ̀fẹ́! Kí ẹ sáà rántí mi lọ́jọ́ bàsá."

"Ẹ̀rọ lẹ fẹ́ tún ṣe ni, Ẹnjiníà, àbí oyè lẹ fẹ́ jẹ?"

"Méjèèjì wà nínú àpò irinṣẹ́ mi, Mà."

Orí tábìlì ìjẹun ló tú u sí. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó rí àrùn tó ń ṣe é: kábọ́ọ̀nù tí ó máa ń kan mọ́tò inú rẹ̀ ti jẹ tán. Ó ra tuntun, ó fi í sí i, ó tẹ súìṣì. Vùùù! Míkísà ń yí bí òòyì. Ẹnu ya Miriam ìyàwó rẹ̀, ẹni tí fáànù, áyọ́ọ̀nù àti rédíò rẹ̀ ti kú sọ́wọ́ ọkùnrin yìí.

"Bàbá Pamílẹ́rìn, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé e padà báyìí."

"Ká gbé e padà? Ta ni yóò wá mọ̀ pé èmi ni mo tún un ṣe?" Àgbà kan ló kúkú sọ pé adìẹ tó bá yé tí kò ké, ẹyin aláǹgbá ló yé. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ni àgbà náà.

Ẹ mọ ìṣe ìjọ wa: kò sí fáànù, kò sí àga, kò sí aago tí a kì í kọ orúkọ ẹni tí ó fi ta ìjọ lọ́rẹ sí lára. Ṣùgbọ́n kí a kọ orúkọ ẹni tí ó tún nǹkan ṣe, Ẹnjiníà ló dá èyí sílẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fín orúkọ òkú sára idẹ lọ, ó ní kí wọ́n fín ti alààyè. Idẹ náà fẹ̀ tó ìwé orin:

MÍKÍSÀ YÌÍ KÚ. ẸNJINÍÀ JEDIDIAH TÚBỌ̀SÚN LÓ JÍ I DÌDE.

Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára míkísà ló gba irú idẹ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ihò wẹ́wẹ́ pọ̀ sí.

"Ihò wọ̀nyí ńkọ́?" ni Miriam bèèrè. "Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ló ti ń mí?"

"Kí ni míkísà ń mí fún? Ṣé ó ń gun òkè ni? Ọ̀ṣọ́ ni òyìnbó fi wọ́n ṣe." Ó da gọ́ọ̀mù sẹ́yìn idẹ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ihò náà gbágbáágbá.

Lọ́jọ́ bàsá, gbọ̀ngàn ìjọ kún fọ́fọ́. Àwọn ìyá da bọ́tà àti ṣúgà sínú abọ́ míkísà, Ẹnjiníà tẹ súìṣì nínú agbádá funfun báláú. Vùùù! Àtẹ́wọ́ sọ. Ẹnjiníà bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ó ti kúná, Ẹnjiníà," ni Màmá Christianah wí. "Ẹ pa á."

"Ẹ jẹ́ kó máa yí, Mà. Mo fẹ́ kó máa ṣe ègbè fún mi ni."

Orí baba ńlá rẹ̀ tí ó sá wá sábẹ́ Olúmọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó dé orí gílóòbù yàrá àlùfáà, ohùn míkísà ti yí padà, ó ń ké bí ewúrẹ́ tí okùn fún lọ́rùn.

"Bàbá Pamílẹ́rìn!" Miriam pariwo láti ẹ̀yìn. "Nǹkan ń rùn o!"

"Òórùn àṣeyọrí ni!"

Àṣeyọrí náà ń ṣe èéfín. Èéfín dúdú yọ létí idẹ, ó yí orúkọ Ẹnjiníà ká bíi tùràrí. Gọ́ọ̀mù yọ́. Idẹ yọ̀, ó já sínú abọ́ gbàà! Bọ́tà ta sókè, ó bo agbádá láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Míkísà kérora lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Màmá Christianah fi ṣíbí gbé idẹ náà jáde, ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó kà á sókè: "'Míkísà yìí kú.'"

Ó dúró. Ó wo míkísà.

"Òótọ́ nìyẹn."

Ẹ̀rín bẹ́! Àlùfáà pàápàá fi ìwé orin bojú, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Mo tún un ṣe o!" ni Ẹnjiníà ń ké. "Ojúlówó kábọ́ọ̀nù ni mo fi sí i! Miriam, ìwọ náà rí i!"

"Mo rí i," ni Miriam dáhùn. "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí orúkọ yín tó dí i nímú."

"Ẹ̀yin ìyá," ni Màmá Christianah wí, "irú ta lẹ fẹ́ ní Bàbá Ẹgbẹ́?"

"Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iná!" ni gbogbo wọn fi ohùn kan dáhùn.

Ìyá Ẹgbẹ́ na idẹ náà sí Ẹnjiníà, bọ́tà ń kán lára rẹ̀ tó, tó, tó. "Ẹ gba orúkọ yín. Ẹ lọ fọ̀ ọ́."

Ó mú un lọ sídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Àlejò kan tí ó ti Ewékorò wá sí Ìkórè bá a níbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kí lẹ ń fọ̀ tó ń dán báyìí?"

Ẹnjiníà Jedidiah Túbọ̀sún da orúkọ rẹ̀ dojú délẹ̀ kíákíá.

"Abọ́ ni."