Onílé-Ọ̀la àti Ilé Ọgọ́ta Mílíọ̀nù

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọkùnrin tí ilé rẹ̀ pọ̀ jù láyé, ẹ lọ sí yàrá fáìlì ní ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí wọ́n ti ń to ìwé àwọn aláìsàn. Ọkùnrin tí ó de táì níbẹ̀, táì tí ẹnikẹ́ni kò ní kí ó dè, òun ni. Onílé-Ọ̀la ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é, nítorí láti ọdún méjìlá ni ó ti ń fi ẹnu kọ́lé. Bó bá di ọjọ́ Ajé, ilé náà á ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà á ti bímọ.

Òun náà mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi òun ṣe. Nígbà mìíràn, bó bá ku òun nìkan láàárín fáìlì, a máa rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, ọkùnrin tí ó ń sùn nínú yàrá méjì tó háyà, tí àwọn ìbejì rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé lórí ibùsùn torí pé kò sí àyè fún tábìlì. Àmọ́ bí ẹnìkan bá ti wọlé báyìí, ẹnu á tún bẹ̀rẹ̀ sí í po sìmẹ́ńtì.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, owó wà. Mílíọ̀nù mẹ́fà ni òun àti ìyàwó rẹ̀, tí ó jẹ́ aránṣọ, jọ fi ọdún méjìlá kó jọ sí báńkì. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ lè rà nínú ìlú. Ìdí nìyẹn tí ó fi lọ bá ejẹ́ńtì ilé.

Ejẹ́ńtì yìí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní ẹni tó bá ní ogún mílíọ̀nù á rí yàrá mẹ́ta àti àyè tí ó lè gbé mọ́tò sí, bí mọ́tò náà bá ti lè fa ikùn mọ́ra. Ẹni tó bá ní ọgọ́ta á rí yàrá mẹ́fà, ilé ìwẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àti géètì tí ó ń dá ṣí ara rẹ̀. Onílé-Ọ̀la bèèrè pé mílíọ̀nù mẹ́ta ńkọ́. Ó bèèrè rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀tá rẹ̀ kan ni ó rán an.

"Ìyẹn á ra ilẹ̀kùn," ni ejẹ́ńtì dá a lóhùn. "Ilé tí ẹ máa gbé ilẹ̀kùn náà sí lẹ ó ṣì máa wá."

Lẹ́yìn náà ni ó wo bàtà ọkùnrin náà, ó wo táì, ó tún wo bàtà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, "Tiyín, mílíọ̀nù mẹ́fà ni, àbí?"

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ká ní ó sọ pé méjì ni, Onílé-Ọ̀la ì bá rẹ́rìn-ín. Ká ní ó sọ pé mẹ́wàá ni, inú rẹ̀ ì bá dùn. Àmọ́ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí wo bàtà rẹ, kó sì ka iye tó wà ní báńkì rẹ síta láìṣì í, ó dun èèyàn ju kí wọ́n jà á lólè lọ.

"Ta ló sọ mẹ́fà?" ló wí. "Ọgọ́ta."

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Àwa tí à ń rẹ́rìn-ín yìí, ta ni nínú wa tí kò tíì dúró ní ṣọ́ọ̀bù rí, tó bèèrè iye aṣọ tí apá rẹ̀ kò ká, tó gbọ́ iye rẹ̀ tán, tó wá ní àwọ̀ rẹ̀ ni kò wu òun?

Lójú ẹsẹ̀ ni ejẹ́ńtì dìde, ó sì fún un ní àga tí ó sàn ju èyí tí ó jókòó sí lọ. Lójú ọ̀nà ilé ńlá ọlọ́gọ́ta mílíọ̀nù tí ó fẹ́ mú un lọ wò, wọ́n kọ́kọ́ yà wo èyí tí wọ́n ń tà ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Onílé-Ọ̀la ní òun fẹ́ wò ó fún àbúrò òun kan tí nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ fún. Ilé kékeré ni, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, yàrá mẹ́ta, ẹ̀rọ omi kan ní ẹ̀yìnkùlé, àti fèrèsé gbàǹgbà kan tó kọjú sí títì. Ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ó sì yíjú sí ejẹ́ńtì, ó ní ewúrẹ́ pàápàá á ní kí wọ́n wá ibòmíràn fún òun.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ dá lọ wo ilé kékeré náà. Nígbà tí yóò fi dé, ó ti mọ ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ máa wà, ó ti mọ ibi tí tábìlì àwọn ìbejì máa wà. Ó ní kí àwọn lọ san owó rẹ̀ lọ́la. Ọkọ ní kó ṣe sùúrù, pé òun ti dárúkọ ọgọ́ta, òun kò sì lè ṣàdédé já sílẹ̀ sí mẹ́fà lójú ejẹ́ńtì. Òun máa kọ́kọ́ rí àbùkù kan lára ilé ńlá náà, òun á fi iyì kúrò níbẹ̀, òun á wá ní kí òun ṣì máa gbé kékeré yìí ná.

"Bàbá Ìbejì, àbùkù wo lẹ fẹ́ rí lára ilé tí ẹ ò lè rà?"

"Èyí tó bá ti wà."

Ìyá àgbà kan ló ni ilé ńlá náà. Ó fẹ́ tà á kó lè lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Onílé-Ọ̀la káwọ́ sẹ́yìn, ó rìn yí ká, ó fi ìka kan ògiri, ó ní ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú yìí máa ń fa orí fífọ́ fún òun. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀, inú rẹ̀ sì dùn dé ilé.

Ọjọ́ kẹrin ni ejẹ́ńtì pè é pé ògiri ti di funfun. Ó sáré sọ pé ilẹ̀kùn ilé ìdáná kọjú sí àtẹ̀gùn, òórùn oúnjẹ á máa gun òkè lọ bá òun lórí ibùsùn. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ti gbé ilẹ̀kùn náà sí ibòmíràn. Ó ní ibi tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí wẹ̀ ti gùn jù, èèyàn lè kú sínú rẹ̀ kí ará ilé má mọ̀. Wọ́n hú u. Pẹ́ńtà kan tó tún mọ iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, kò sì sí ìgbà tí Onílé-Ọ̀la dé ibẹ̀ tí ọkùnrin náà kì í sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ wá kí i pẹ̀lú ẹ̀rín pé kí ló kù kí òun ṣe. Onílé-Ọ̀la rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Láàárín èyí ni ejẹ́ńtì mẹ́nu bà á pé ẹnìkan ń bèèrè ilé kékeré ọjọ́sí. Àyà Onílé-Ọ̀la já. Ẹnu rẹ̀ ní kí ló kan òun níbẹ̀. Ó ṣe tán, àbùkù kan péré ló kù kí òun rí.

Àmọ́ ní ọ́fíìsì, ẹnu kò sinmi. Gbogbo àtúnṣe náà ni ó ń ròyìn bí ẹni pé òun ló ń sanwó rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ń bọ̀ wá bá a yọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé. Kò rí ọ̀nà gbà sá.

Lọ́jọ́ náà, àwọn ará ọ́fíìsì méje ló dé. Ìyàwó rẹ̀ náà wá, ó dúró sẹ́yìn. Ejẹ́ńtì tẹ́ ìwé sórí tábìlì. Pẹ́ńtà ṣì ń fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ẹsẹ̀ ògiri. Onílé-Ọ̀la wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ omi, omi tú yàà. Ó ṣí fèrèsé, kò dún.

"Ọmọ mi, gbogbo ohun tí o sọ ni mo ti ṣe," ni ìyá àgbà wí. "Ó ku kí n pààrọ̀ ara mi."

"Màmá, ilé yìí," ni Onílé-Ọ̀la wí, "ó ti wá dára jù."

Ejẹ́ńtì fi bírò lé e lọ́wọ́. Bírò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, ìsàlẹ̀ tábìlì níbẹ̀ ni òótọ́ sì ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Mílíọ̀nù mẹ́fà ni mo ní."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ni ejẹ́ńtì wí.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ará ọ́fíìsì. Òun náà ń bá wọn rín in, torí pé ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́, ó sì ti ń pa á lẹ́rìn-ín láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìyá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́wọ́ lé ògiri funfun náà. Ó ní ọ̀dà pupa tí wọ́n fi funfun bò mọ́lẹ̀ yẹn, ọkọ òun ló yàn án kó tó kú. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Onílé-Ọ̀la. Kò tíì sí ohun tó tì í lójú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, táì rẹ̀ nù ilẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí tí ìyá àgbà fi ní kó dìde.

Nígbà tó dìde, ó rọra sọ fún ejẹ́ńtì pé kí wọ́n wá bá òun ṣe ìwé ilé kékeré náà. Ejẹ́ńtì ní wọ́n ti rà á ní Ọjọ́bọ̀.

"Ta ló rà á?"

Pẹ́ńtà gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ níwájú Onílé-Ọ̀la.

"Èmi ni, ọ̀gá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ ilé yẹn, owó mi ni kò pé. Iṣẹ́ tí ẹ fi ẹnu yín wá fún mi níbí ló jẹ́ kó pé. Ọlọ́run á san án fún yín."

Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Ìyàwó Onílé-Ọ̀la yíjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yíjú padà, pẹ́ńtà ló wò, kò wo ọkọ rẹ̀.

"Yàrá iwájú ilé yín yẹn," ló wí, "èyí tó ní fèrèsé. Ṣé ẹ máa fi háyà, kí n lè gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi àti tábìlì àwọn ìbejì síbẹ̀?"

Pẹ́ńtà ní òun kò tíì ní aya, òun lè fi í háyà, kí wọ́n wá wò ó lọ́la bóyá á tẹ́ wọn lọ́rùn.

"Ó tẹ́ wa lọ́rùn," ni Onílé-Ọ̀la wí.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ iye rẹ̀ ná," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Iye yòówù kó jẹ́. Ó tẹ́ wa lọ́rùn."