Bí Mo Ṣe Sọ Màmá Adúmáadán Di Pupa

Ọ̀sẹ̀ tí mo sọ Màmá Adúmáadán di pupa kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi wọ ilẹ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe nílùú Benin, lọ́nà Ugbor. Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tí àwa atẹ̀wé ń pè ní dí-áì, èyí tó ń tẹ àwòrán jáde tààrà láti inú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tó bá pọ̀, ọ̀dọ̀ Osaro tó ní ẹ̀rọ ọ́fúsẹ́ẹ̀tì ní Ogida ni mò ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n kí Osaro tó da íǹkì sẹ́rọ, èmi á kọ́kọ́ fi dí-áì tẹ ẹyọ kan ṣoṣo. Oníbàárà á wò ó, á fọwọ́ sí i, Osaro á sì mú àwọ̀ tirẹ̀ bá a mu. Purúùfù là ń pè é. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ọba ni purúùfù, kò ní àyípadà.

Nǹkan tuntun kejì tí mo ní ni òrùlé. Mo ní kí wọ́n yọ páànù iwájú ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n fi páànù oníke aláwọ̀ ewé rọ́pò rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lè máa wọlé, torí iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé. Mo gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ rẹ̀ pé ibẹ̀ ni kí àwọn oníbàárà ti máa wo iṣẹ́ wọn. Gbogbo ẹni tó dé ló ń yìn ín, orí mi sì ń wú.

Ibẹ̀ ni Àǹtí Fúnmi wá bá mi. Télọ̀ ni, a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ìyá rẹ̀ fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe màmá náà ní Adúmáadán, torí ó dúdú, ó ń dán, àwọ̀ náà kò sì tíì ṣá títí di òní. Ojú rẹ̀ ló ń ṣe bàìbàì, àwọn dókítà sì ti sọ pé kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe sí i.

"Bọ̀ọ̀dá, ìwé kékeré kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi tẹ̀ fún wọn," ó ní. "Àwọn orin tí wọ́n fẹ́ràn, ìtàn wọn díẹ̀, àwòrán wọn níwájú. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ara wọn kí ojú yẹn tó lọ pátápátá."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Nígbà tí purúùfù délẹ̀, òun àti àbúrò ìyá rẹ̀ ló wá wò ó. Dádì Iléṣà là ń pe bàbá náà, ojú tirẹ̀ sì ń ríran ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Dádì wò ó, ó mi orí.

"Kí ló ṣe ẹ̀gbọ́n mi? Ó dà bí ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀."

Mo wò ó, òótọ́ ni, ojú Màmá fẹ́ dà bí ewé. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo fi pupa díẹ̀ kún un, mo tún un tẹ̀. Dádì ní ara Màmá kò tíì yá. Mo fi kún un. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló kù. Mo tún bu ẹ̀jẹ̀ sí i. A ṣe é títí bàbá fi rẹ́rìn-ín músẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi gan-an rèé." Omi lé sójú Àǹtí Fúnmi, ó sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Osaro pè mí. "Oga, this Mama too red o. Na so she be?"

"Osaro, follow the proof," mo dá a lóhùn. "Family don sign am."

"I hear, sir."

Mo tún ní kó má fi ojú ara rẹ̀ bá mi ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́ mi o.

Osaro gbọ́ràn. Nígbà tó parí, mo gbé páálí ìwé náà lọ sílé Àǹtí Fúnmi láì tú u wò, torí mo ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àárín àgbàlá ni a ti tú u, nínú oòrùn. Àǹtí Fúnmi mú ẹyọ kan.

"Bọ̀ọ̀dá, ta nìyí?"

Màmá Adúmáadán pupa bí ẹni tí wọ́n rì sínú àgbá epo. Dádì gba ìwé náà, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún fà á mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n mi bóra," ó ní, "lọ́gọ́rin ọdún."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú Osaro. Mo fa purúùfù yọ nínú báàgì kí wọ́n lè rí i pé òun ló bà á jẹ́. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì.

Mo sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ti gbé purúùfù wọ abẹ́ òrùlé mi, Màmá dúdú. Mo bọ́ síta, ó pupa. Mo wọlé, mo jáde, mo tún wọlé, títí obìnrin tó ń ta káàdì fóònù lódìkejì fi ké sí mi pé, "Oga, wetin loss?" Ìgbà náà ni mo tó wo ara mi. Ẹ̀wù funfun tí mo wọ̀ ti di ewé. Òrùlé mi ló ń kun Màmá ní ewé, èmi sì ń fi pupa lé e kiri.

Mo pe Osaro, mo tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Nínú oòrùn, níwájú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ni a ti wo purúùfù tuntun. Owó àpò mi ni mo fi tún gbogbo èèpo ìwé náà tẹ̀, ó sì bọ́ sí i kí ọjọ́ ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì tó pé. Àwọn èèpo pupa yẹn la fi di ìwé tuntun lẹ́rù.

Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ìsìn, Àǹtí Fúnmi kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó fi ìwé kan lé e lọ́wọ́. Màmá gbé e súnmọ́ ojú, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ó dára, ọmọ mi. Ta ló wà níwájú rẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Òkùnkùn ni mo rí."

Ó dùn mí dé egungun, torí nǹkan kan ṣoṣo tí Àǹtí Fúnmi bẹ̀ mí ni pé kí ìyá rẹ̀ rí ara rẹ̀. Ọwọ́ Màmá wá ń wá ibi tí yóò gbé ìwé náà sí, ó sì bá èèpo pupa tó wà lórí ẹrù pàdé. Ó gbé e sókè. Ó pẹ́ lórí rẹ̀; pupa yẹn tàn tó ohun tí ojú bàìbàì lè mú.

"Obìnrin kan rèé, ó wé gèlè," ó ní. "Imú bàbá mi ló wà lójú rẹ̀ yìí." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi nìyí. Ẹ wò ó, mo ṣì dúdú."

Mo wo Dádì. Ọkàn mi ń sọ pé bàbá tí kò lè pa ẹnu mọ́ yìí yóò sọ fún un pé pupa ni.

"Ẹ dúdú dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi," Dádì dáhùn. "Ẹ sì ń dán."

Láti ọjọ́ náà, ìta gbangba ni mo ti ń fi purúùfù han ènìyàn, mo sì ń kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ta ni yóò wò ó, níbo ni yóò ti wò ó. Bí Osaro bá rí mi, Oga Red ló ń pè mí, èmi náà á sì rẹ́rìn-ín, kí ni ǹ bá ṣe? Ṣùgbọ́n èèpo pupa kan ṣì wà lára ògiri yàrá Màmá, níbi tó ti ń rí i láràárọ̀. Páànù ewé tí mo yọ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ń kọ́ ilé adìẹ, kó wá gbé e lọ.