Alága Kọ́lájọ Nídìí Iná Gààrí

Ẹ bá mi kí Alága Kọ́lájọ, Ajókòó-yí-bírí, Agbowó-má-kọ-rísíìtì, ọkùnrin tí àga rẹ̀ ń yí ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí a fi í ṣe alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù abúlé wa, lọ́nà Ìlá sí Òkè-Ìlá, ló ra àga tó ń yí kiri. Bí ìpàdé bá wà, àga ni yóò gun ọ̀kadà wá, òun á máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà kan náà, kí ìjàǹbá má bàa gba alága àti àga lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, bánkì kékeré kan ní Òṣogbo kọ̀wé sí wa. Wọ́n fẹ́ yá ẹnì kan nínú wa ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, kó fi ra ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan gààrí nìkan ló tọ́ sí.

Ta ni kò mọ̀ pé Ràfíátù ni? Ọdún mọ́kànlá ló ti ń dáwó nínú ẹgbẹ́. Ọwọ́ ló fi ń rin ẹ̀gẹ́, ìka rẹ̀ ti bó tán, èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀gẹ́ oko rẹ̀ sì ń jẹrà nílẹ̀ nítorí pé ọwọ́ kan kò ká a. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń jókòó sílé nítorí owó ilé ìwé.

Àfi bí alága ṣe gba fọ́ọ̀mù, tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Iṣẹ́: gààrí yíyan. Ìrírí: ogún ọdún. Onídùúró: Ìrètí, ìyàwó rẹ̀, tí kò tilẹ̀ sọ fún. Nígbà tí Ràfíátù lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, ó ní kó ṣe sùúrù, pé owó ńlá kì í bá ara obìnrin mu. Inú bí mi dé góńgó.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé bánkì náà kì í yá ẹnikẹ́ni lówó láì kọ́kọ́ rí i lẹ́nu iṣẹ́. Peace, ọmọbìnrin tí wọ́n rán wá, dé ibi tí a ti ń yan gààrí, ó kúnlẹ̀ kí alága, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan díẹ̀ kí n rí i."

Alága wọ̀tún wòsì. Ó ká ọwọ́ léèsì rẹ̀ sókè, ó jókòó sídìí iná Ràfíátù. Ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ló bù, èyí tí a kò tíì fi òkúta tẹ̀ kí omi rẹ̀ gbẹ, tí a kò sì tíì jọ̀. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di ẹ̀bà kó tó di gààrí. Ó ń fi àfọ́kù igbá rò ó, igbá há. Ó fẹsẹ̀ ti ààrò kó lè fà á yọ, fìlà rẹ̀ já sínú ìkòkò, a kò rí fìlà mọ́. Omi ń dà lójú rẹ̀ nítorí èéfín, síbẹ̀ kò gbà pé òun kò mọ̀ ọ́n yan. Ó ní irú èyí ni wọ́n ń jẹ lókè òkun, pé wọ́n máa ń gé e bíi búrẹ́dì ni.

Peace kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè onídùúró.

Ìrètí dìde. "Ọmọ mi, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń se oúnjẹ fún wọn. Wọn ò mọ ibi tí mo ń fi ìṣáná sí. Ràfíátù ni kí o kọ. Èmi ni mo dúró fún un."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ṣùgbọ́n òfin kan wà nídìí iná wa: ẹni tó bá ba ìkòkò gààrí oníkòkò jẹ́, apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ kan ni yóò bó dípò rẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin gbé àpótí àti ọ̀bẹ fún un. Ó ní alága lòun. Wọ́n ní àwọn mọ̀, kó máa bó o.

Ràfíátù gbé ìkòkò mìíràn kaná, ó yan gààrí lójú Peace, Peace sì kọ orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù. Bánkì a máa ya fọ́tò ẹni tí wọ́n fẹ́ yá lówó. Ràfíátù jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Bí Peace ṣe gbé fóònù sókè, ó rí i pé bàbá kan wà nínú fọ́tò náà, tó wọ léèsì, tí èèpo ẹ̀gẹ́ bo itan rẹ̀. Ó bi Ràfíátù pé kí ni kí òun kọ nípa ti ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn.

Ràfíátù yíjú wò ó dáadáa.

"Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi."