Kámẹ́rà Tí Bàbá Dídán Kò Mọ̀

Ẹ sún mọ́ ibí, kí ẹ má fi etí ẹnu ọ̀nà gbọ́ ọ. Ta ló mọ̀ nínú yín, ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé ilé tí onílé ti lọ kì í kí àlejò káàbọ̀? Àwọn kan á ní torí olè ni. Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ ogún ni. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kámẹ́rà ló fà á. Ẹni tí kò bá sì gbà á gbọ́, kó lọ bi àwọn ará Òkè-Ìráwọ̀ léèrè.

Ayàfọ́tò kan wà ní Òkè-Ìráwọ̀ tó ń jẹ́ Ṣíttù. Ojú-ò-gbàgbé ni wọ́n kọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bó bá ya ìyá arúgbó ní fọ́tò, tí ọkọ ìyá náà bá rí i, ọkọ á tún ránṣẹ́ ìdúpẹ́ sí àwọn àna rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ Ṣíttù nìkan o. Nǹkan kan wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí gbogbo ayàfọ́tò ìlú náà ń pè ní Bàbá Dídán. Sọ́fíwíà ni, òyìnbó kan ló ṣe é. Ojú tó bá yọ irorẹ́, Bàbá Dídán á pa á rẹ́. Ẹni tí oòrùn bá ti sun, á dá a padà bí ìyá rẹ̀ ṣe bí i. Ó ti yọ ìwo kúrò lórí màlúù rí, torí pé ìwo náà bo ojú ìyàwó. Màlúù náà rí fọ́tò ọ̀hún, kò bínú.

Ìgbà tó yá, Ṣíttù ra kámẹ́rà tuntun. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má pe nǹkan yìí ní kámẹ́rà lásán. Bó bá wo èèrà tó ń lọ lára ògiri ní òdìkejì ìlú, wàá rí i pé èèrà náà kò tíì bọ́jú. Ṣíttù gbé e kọjú sí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, ó rí ewúrẹ́ Baálẹ̀ tó ti sọnù láti èṣí. Ó ń jẹ koríko lórí òkè, ó sì ti bímọ. Àwọn èèyàn ń wá sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n kàn lè wò ó, wọ́n á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé.

Ẹni tó tà á fún un ti ṣàlàyé fún un pé kámẹ́rà náà lè fún èèyàn ní fọ́tò tó ti jinná, ó sì lè fúnni ní tútù. Èyí tó jinná kò ní wàhálà. Tútù dà bí iṣu tó ṣì wà nínú èèpo, sọ́fíwíà ni ìkòkò tí wọ́n máa fi sè é, ṣùgbọ́n bó bá jinná tán, kò sí èyí tó dùn tó o. Ṣíttù ní kí wọ́n pa ti jíjinná yẹn kúrò níbẹ̀ pátápátá, pé ọkùnrin tó ní ìkòkò nílé kì í jẹun òde. Kò rántí bi ìkòkò léèrè bóyá ó mọ iṣu náà.

Ní ìlú yìí kan náà, àwọn ìbejì obìnrin méjì wà, Táyé Àgbà àti Kẹ́hìndé Àgbà. Wọ́n ti dàgbà débi pé igi ìrókò ló ń kọ́kọ́ kí wọn láàárọ̀. Wọ́n jọra débi pé bí ẹ̀fọn bá jẹ ọ̀kan, èkejì ló máa họra. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọmọge ni wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Fọ́tò kan ló dá ìjà sílẹ̀. Ayàfọ́tò ayé ìgbà yẹn ní kí Táyé jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún, torí òun ló kọ́kọ́ dé ayé. Kẹ́hìndé ní kò jọ ọ́, òun lòún rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn, ta ló sì ń rán ẹ̀gbọ́n níṣẹ́? Kálukú gbé àga rẹ̀. Ilé baba wọn pín sí méjì, àwọn ọmọ apá ìhín kì í kí àwọn ọmọ apá ọ̀hún.

Ìyàwó Ṣíttù, Sèlífátù, ọmọ-ọmọ Kẹ́hìndé Àgbà ni. Ó ti sú u kó máa bá ẹbí rẹ̀ pàdé lọ́nà kó máa wo ilẹ̀. Òun ló bẹ ọkọ rẹ̀ pé fọ́tò tó tú ilé náà ká, fọ́tò ni kó tún un ṣe. Ṣíttù lọ bẹ àwọn ìyá náà títí orúnkún rẹ̀ fi wú. Wọ́n gbà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Wọ́n á kẹ̀yìn síra wọn, kí kálukú ní ọ̀tún tirẹ̀.

“Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, kí fọ́tò náà wà lára ògiri ilé baba wa,” Táyé Àgbà wí. “Bí mi ò bá rí i níbẹ̀, mò ń gbé àga mi lọ, ó sì di ọ̀run.”

Kẹ́hìndé Àgbà ní kí wọ́n bá òun sọ fún obìnrin yẹn pé òun náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n jókòó, gbogbo ìlú ló wá, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Ẹ̀yìn wọn kan ara wọn. Bó ṣe kanra báyìí, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, láti igun ẹnu kan náà, bí ẹni pé ẹnu kan ló ń rẹ́rìn-ín lójú méjì. Àwọn àgbààgbà ọkùnrin ṣí fìlà. Ṣíttù tẹ kámẹ́rà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, ó rí wọn níbẹ̀, wọ́n dán bí owó ẹyọ.

Ó délé, ó gbé e fún Bàbá Dídán. Bàbá Dídán kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò mọ kámẹ́rà yìí.

Ṣíttù pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Bàbá Dídán ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ayàfọ́tò ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n jókòó yí kọ̀ǹpútà ká bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Ibẹ̀ ni Lásún, tó gbọ́ òyìnbó jù nínú wọn, ti jẹ́wọ́ pé òun náà ti ra kámẹ́rà tuntun tipẹ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, ìtìjú ni ò jẹ́ kóun sọ. Àfi bí àwọn yòókù náà ṣe ń wo ilẹ̀. Gbogbo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Òkè-Ìráwọ̀ ló kún fún kámẹ́rà.

Ọ̀kan nínú wọn ní bóyá wọn ò tíì fi kámẹ́rà náà mọ Bàbá Dídán ni. Wọ́n gbé kámẹ́rà síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú tó ti wá. Bàbá Dídán ní òun ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé sọ́fíwíà mìíràn wọnú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í mí helehele, ó gbóná débi pé ẹyin tí Sèlífátù gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jinná, wọ́n sì fi jẹ búrẹ́dì. Sọ́fíwíà náà kò ṣí.

Lásún wá kọ̀wé sí òyìnbó tó ṣe Bàbá Dídán, lórí fóònù. Èsì dé. Ọkùnrin náà kí wọn kú iṣẹ́, ó ní òun ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, oyin lòún ń sìn báyìí. Ó fi fọ́tò oyin ránṣẹ́. Fọ́tò náà ò dán rárá.

Ẹ̀rù ba Ṣíttù. Láti ọdún wo ni wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀? Ọ̀la sì ni Jímọ̀.

Sèlífátù ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé, “Bàbá Ràṣí, ṣé àwọn ìyá yẹn ṣì wà lẹ́yìn kámẹ́rà?”

“Wọ́n wà níbẹ̀.”

“Èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀, ṣé ó ṣì ń ríran?”

“Ó ń gbìyànjú.”

“Ṣé Bàbá Dídán mọ ìyẹn?”

“Bí ọmọ bíbí inú rẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí ògbólógbòó ya tuntun nígbà náà.”

Ṣíttù di ojú kan, ó yọ ahọ́n síta bí ẹni tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó fi kámẹ́rà àtijọ́ ya gíláàsì kékeré yẹn. Bàbá Dídán gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣíttù ní kó dán gbogbo ohun tó bá rí níbẹ̀, kò dúró wò ó, ó sáré gbé e lọ sílé ìtẹ̀fọ́tò, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tóbi bí ilẹ̀kùn. Jímọ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán. Wọ́n gbé e kọ́ ògiri pẹ̀lú aṣọ lójú. Wọ́n ṣí aṣọ.

Táyé Àgbà wà lápá kan. Kẹ́hìndé Àgbà wà lápá kejì. Láàárín orí àwọn méjèèjì, ojú Ṣíttù ló wà níbẹ̀, èyí tó hàn nínú gíláàsì nígbà tó ń yà á. Ó di ojú kan, ó yọ ahọ́n. Bàbá Dídán ti rí i, ó sì ti dán an ju ti gbogbo wọn lọ. Ó ń tàn bí òṣùpá.

Táyé Àgbà na ọwọ́ sí àga rẹ̀. Kẹ́hìndé Àgbà na ọwọ́ sí tirẹ̀. Sèlífátù fi ìborùn bojú. Táyé Àgbà tún wo fọ́tò náà, ó pẹ́ lójú rẹ̀. Ó wá yíjú, kò rán ẹnikẹ́ni.

“Kẹ́hìndé, ta ni ìyá wa tún bí lẹ́yìn wa?”

Kẹ́hìndé Àgbà wò ó. “Mi ò mọ̀, Táyé. Àfi kó jẹ́ ìgbà tí à ń jà ló bí i.”

“Ìdòwú nìyẹn. Wo bó ṣe ń yọ ahọ́n sí wa.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì, ẹ̀rín kan náà, wọ́n sì ń gbá ara wọn léjìká. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé òrùlé ilé baba wọn, tó ti ń jò láti ọdún gbọọrọ, dákẹ́ jíjò. Ṣíttù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ro gbogbo ẹjọ́: kámẹ́rà tí Bàbá Dídán kò mọ̀, àti onílé tó ti lọ sin oyin.

Kẹ́hìndé Àgbà nu ojú. “Ẹ̀bi tìẹ kọ́. Ilé tí onílé ti lọ kì í kí àlejò káàbọ̀. Àwa ṣì wà nílé. Káàbọ̀, Ìdòwú.”

Bí Ṣíttù ṣe di àbúrò ìbejì nìyẹn, tí àwọn méjèèjì jọ ń rán an níṣẹ́, apá ìhín àti apá ọ̀hún. Sèlífátù náà rí tiẹ̀ he: ọkọ rẹ̀ ti di àbúrò ìyá àgbà rẹ̀, ó di kó máa kúnlẹ̀ kó tó gbé ọbẹ̀ fún un. Ṣíttù ò bá a jiyàn.

Títí dòní, bí ayàfọ́tò kan bá ra kámẹ́rà tuntun ní Òkè-Ìráwọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ bi í bóyá onílé ṣì wà nílé, àbí ó ti lọ sídìí oyin. Torí àwọn àgbà ò parọ́: ilé tí onílé ti lọ kì í kí àlejò káàbọ̀.