Òdòdó Tí Ń Bá Ayálégbé Mí

Ẹni tó bá ń wá onífáàrí ní Ìkìrun lọ́dún 1994 kò ní láti rìn jìnnà. Mákánjúọlá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi oṣù mẹ́fà ròyìn rẹ̀. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ti Mákánjúọlá dùn débi pé òun ti délé, ẹnu rẹ̀ ni kò tíì dé. Bí òjò bá rọ̀, á ní ti ọ̀hún a máa fi sùúrù rọ̀. Bí ajá bá gbó, á ní ajá wọn kì í pariwo.

Ọkùnrin yìí ní ilé oníyàrá mẹ́jọ kan lọ́nà Inísà. Mẹ́rin tó wà níwájú ní fèrèsé, torí ojú títì ni àwọn ènìyàn ti ń wo ilé. Mẹ́rin tó wà lẹ́yìn kò ní rárá. Ta ni yóò rí wọn? A ti rí ẹni tó ń ṣahun owó, a ti rí ẹni tó ń ṣahun iyọ̀. Mákánjúọlá ló ṣahun afẹ́fẹ́ tí Ọlọ́run kò tà fún un.

Ìrètí, tíṣà tó ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Inísà lójoojúmọ́, ń gbé ọ̀kan nínú àwọn yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú Ẹ̀bùn, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta. Inú yàrá náà ni sítóòfù wà, torí baba onílé kò kọ́ ilé ìdáná. Ikọ́ kò jẹ́ kí Ẹ̀bùn sùn mọ́. Ìrètí kúnlẹ̀, ó bẹ Mákánjúọlá pé kí ó jẹ́ kí òun dá ògiri lu, kí ihò náà kàn fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Ó ní òun ni yóò san owó bíríkìlà.

Mákánjúọlá fi àánú wò ó. "Tíṣà, o ò tíì rìnrìn-àjò. Ta ní ń ṣí fèrèsé ní Lọ́ńdọ̀nù? Òdòdó ni wọ́n ń gbé sínú yàrá. Á gbé èéfín mì, á tu afẹ́fẹ́ tútù jáde. Mo kà á nínú ìwé ìròyìn wọn. Màá ra tìrẹ fún ọ."

Ó gba Ìbàdàn lọ. Nínú ọgbà àwọn tó ń ta òdòdó létí títì, ó ń tẹ ewé wò bí ẹni ń yan àgbò iléyá, ó ní kí wọ́n fún òun ní èyí tó mọ afẹ́fẹ́ fọ̀ jù. Olódòdó wò ó láti òkè délẹ̀, ó rí irú ẹni tó jẹ́, ó sì gbé ìkòkò mẹ́rin síwájú rẹ̀. Ó ní Dìrasínà ni wọ́n ń pè é, ọkọ̀ òfuurufú ló gbé e dé. Mákánjúọlá sanwó ìjókòó fún ìkòkò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú bọ́ọ̀sì.

Àgbẹ̀ ará Òkukù kan tó jókòó tì wọ́n wo ewé náà títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ ń gbé pèrègún lọ?"

Mákánjúọlá ní Dìrasínà ni. Àgbẹ̀ ní kò burú. Ó ní ọdọọdún ni pèrègún ń pààrọ̀ aṣọ, bóyá lọ́dún yìí orúkọ ló pààrọ̀. Gbogbo ọkọ̀ fi ẹ̀rín dé Ìkìrun.

Ó gbé ìkòkò kọ̀ọ̀kan sí yàrá ẹ̀yìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òfin sì dé. Àràárọ̀ ni kí ayálégbé máa fi aṣọ rírọ̀ nu ewé. Omi tí a sè ni kí wọ́n máa bu fún un. Ìrètí wá ń tan sítóòfù lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ọbẹ̀, ọ̀kan fún omi òdòdó, èéfín sì di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ewé ti ń pọ́n nínú òkùnkùn, Ẹ̀bùn ṣì ń wúkọ́. Mákánjúọlá ní àwọn ayálégbé ló ń mí jù.

Ó ní oòrùn ni òdòdó nílò. Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sẹ́yìn ilé, ó tú wọn kúrò nínú ìkòkò, ó sì gbìn wọ́n ní ìlà gbọọrọ sórí koríko, kí wọ́n lè na gbòǹgbò.

Ọmọ àgbẹ̀ wo ni kò mọ̀ pé pèrègún ni à ń fi sàmì ààlà ilẹ̀? Ibi tó bá dúró sí ni tẹnìkan parí sí. Ilẹ̀ tí Mákánjúọlá gbìn ín sí kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ti ẹbí Olúbọ̀dé ni, àwọn tó ta ilẹ̀ ilé fún un.

Lọ́jọ́ kẹta, Olúbọ̀dé fúnra rẹ̀ dé, àdúgbò sì pé. "Mákánjúọlá, ibi ògiri ni ilẹ̀ tí a tà fún ọ mọ. Ta ló ní kí o ri pèrègún mọ́lẹ̀ nínú ilẹ̀ wa? Ààfin la ó ti sọ ọ́."

Olè ilẹ̀! Orúkọ tí Lọ́ńdọ̀nù kò lè fọ̀ kúrò lára ènìyàn. Mákánjúọlá búra pé kì í ṣe ààlà, afẹ́fẹ́ ló ń bá àwọn ayálégbé òun fọ̀.

Olúbọ̀dé ní ó dáa. Ó ní kí wọ́n hú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n kó o sí yàrá Ìrètí, kí Ìrètí tan sítóòfù bó ti ń ṣe, kí baba onílé wọlé jókòó. Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, wọn kò tì í.

Wọ́n ní bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ la ó rí fùrọ̀ adìyẹ. Nínú yàrá yìí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá, gbangba sì ni fùrọ̀ hàn. Omi kò tíì hó tí Mákánjúọlá fi já síta, tomijé tomijé, ewé pèrègún kan lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń fẹ́ ara.

"Ẹni tó ń wá afẹ́fẹ́ fún ayálégbé kò ní kọ fèrèsé," Olúbọ̀dé wí. "Bí o bá lu ògiri yẹn lónìí, a gbà pé afẹ́fẹ́ lò ń wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ wa lò ń wá."

Wọ́n pe Tímótì bíríkìlà. Ó fi ẹfun ya ihò kékeré sára ògiri, kò ju àwo ìjẹun lọ. Mákánjúọlá nu ojú, ó rí bí èrò ti pọ̀ tó, ẹnu rẹ̀ kò sì lè dákẹ́.

"Kí lèyí? Fèrèsé tí mo rí ní Lọ́ńdọ̀nù tó èyí lọ́nà mẹ́wàá."

Ìrètí yíjú sí bíríkìlà. "Ẹ gbọ́ ohun tí baba onílé wí. Ìwọ̀n ti Lọ́ńdọ̀nù ni. Yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."